Katakata Tó Ń Bú Ramúramù, Etí Tó Ń San Gbèsè

Ní ìlú wa, katakata tí kò bá bú ramúramù, tìfura-tìfura ni àwọn àgbẹ̀ fi ń wò ó. "Ṣé èyí lè tú ilẹ̀ tiwa yìí?" Èyí tí wọ́n fẹ́ ni èyí tí wọ́n á ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀ láti oríta, tí èéfín dúdú á máa tú lẹ́nu sàlẹ́ńsà rẹ̀, tí ilẹ̀ á máa mì tìtì. Mo mọ àwọn mẹkáníìkì tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbé katakata dé ọ̀dọ̀ wọn, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á ṣe ni kí wọ́n tú gbogbo ohun tó wà nínú sàlẹ́ńsà dànù, "kí ẹ́ńjìnnì lè ráyè mí." Ẹni tó ni katakata á sanwó, inú rẹ̀ á sì dùn. Ẹni tó ń wà á ni yóò san ìyókù, díẹ̀díẹ̀, fún ọdún gbọọrọ, láìmọ̀ pé òun ń san nǹkan kan.

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, wa katakata ìjọba ní Òkè-Ògùn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú títí tó fi fẹ̀yìn tì. Massey Ferguson ni wọ́n ń lò, pupa, 375 ló pọ̀ jù nínú wọn: ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà mẹ́rin, kò sí ilé lórí rẹ̀, páìpù sàlẹ́ńsà nà ró níwájú awakọ̀ báyìí. Wọ́n fún wọn ní bàtà, wọ́n fún wọn ní aṣọ kákí. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ etí. Ohun tí àwa ọmọdé mọ̀ ni pé Bàbá Kékeré kì í sọ̀rọ̀, ó máa ń pariwo ni. A rò pé ìbínú ni. Tó bá tan rédíò, agboolé kejì á gbọ́ ìròyìn.

Èyí tó burú jù ni ti ìkíni. Ẹni tí a bá kí láti ẹ̀yìn tí kò dáhùn, nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ kan ṣoṣo ló ń jẹ́: agbéraga. Ìyàwó ilé kan kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ó kọjá lọ. Ó tún kí i lálẹ́, kò wo ẹ̀yìn. Obìnrin náà bá a yodì títí ọ̀rọ̀ fi dé iwájú olórí ẹbí. Wọ́n pè é, ó ní òun kò rí ẹni tó kí òun. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ìgbà tí wọ́n dárúkọ owó lánàá, kò kúkú dití. Ó san owó obì ìtánràn, ó sì bẹ obìnrin náà. Ní ti tòótọ́, etí rẹ̀ ti ń kú láti bí ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà yẹn.

Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan láti lọ yẹ etí wò. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbé e sínú yàrá kékeré kan tí ariwo òde kì í wọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ gbọ́hùn sí i létí, wọ́n ní kó máa tẹ bọ́tìnnì kan nígbàkigbà tó bá ti gbọ́ ìró. Ìró tó dún nísàlẹ̀, ó gbọ́ ọ wẹ́rẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, nígbà tó dé 4000 hertz, ìyẹn ìró tínrín tó ń gbọ̀n nígbà 4000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Ìlà tí dókítà fà sórí ìwé já wálẹ̀ gan-an níbẹ̀, ó sì tún gòkè díẹ̀ ní 8000. Dókítà ní tí òun bá ti rí irú ìlà yẹn, òun kì í béèrè ọjọ́ orí kọ́kọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni òun máa ń béèrè.

Lẹ́yìn awọ etí àti egungun kékeré mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ihò kan wà nínú orí wa tó ká bí ìkarahun ìgbín, omi ló sì kún inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì onírun tíntìntín tó tó nǹkan bí 15,000 ló tò sínú ihò yẹn ní etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló ń sọ ìmìtìtì di ohun tí ọpọlọ lè mọ̀ pé ó jẹ́ ohùn. Àwọn tó wà lápá ẹnu ọ̀nà ló ń gba ìró tínrín, àwọn sì ni ariwo máa ń kọ́kọ́ pa. Tí sẹ́ẹ̀lì onírun adìẹ bá kú, òmíràn á hù rọ́pò rẹ̀. Ti ènìyàn kì í hù. Kò sí oògùn, kò sí àgbo, kò sí epo àdín tí a lè kán sí i. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí wọ́n ń so mọ́ etí lè gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n kò lè jí sẹ́ẹ̀lì tó ti kú.

Ìgbà tí dókítà ṣàlàyé èyí ni ọ̀pọ̀ nǹkan tó ti ń rú wa lójú nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Èdè wa jẹ́ èdè olóhùn. Dò, rè, mí tí a fi ń sọ̀rọ̀, ìsàlẹ̀ ló wà. Ohùn ọkùnrin ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti obìnrin ní nǹkan bí 200. Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í tètè ba etí jẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ s, ṣ, f, t àti k, òkè ni agbára wọn wà, níbi tí ìlà Bàbá Kékeré ti já wálẹ̀. Orin ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. Lẹ́tà tó wà nínú orin náà ni kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé "kà á," ó lè gbọ́ "tà á," ó sì lè gbọ́ "fà á," nítorí ohùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní. Wọ́n ní kó bá wọn ka àpò àgbàdo tó wà ní yàrá nígbà kan. Kí wọ́n tó padà dé, ó ti ń bá oníbàárà dúnàádúrà.

Ìlù kò yọ ọ́ lẹ́nu rárá ní tirẹ̀. Tí onídùndún bá ń kì í lóde àríyá, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́, á sì máa náwó. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ ní òun kò lè gbà láéláé nìyẹn: ọkùnrin tí òun pè wá jẹun lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, gángan pè é lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. "Ohun tó bá wù ú ló ń gbọ́." Ó dà bíi pé gbogbo ilé tí adití irú èyí wà ni wọ́n ti ń sọ gbólóhùn yẹn. Kò sì sí irọ́ níbẹ̀ tó bá jẹ́ pé ohun tí a fojú rí nìkan ni a fẹ́ gbà gbọ́. Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ di àwàdà, á ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Òru ni kò lè fi ṣàwàdà. Etí rẹ̀ ń hó ní òru, híhó tí kì í dáwọ́ dúró, ìgbà tí gbogbo ilé bá dákẹ́ ló sì máa ń le jù.

Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo, ìṣirò rẹ̀ sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Tí a bá fi 3 péré kún un, agbára ariwo ọ̀hún ti di ìlọ́po méjì. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, dábàá pé 85 ni kí ó mọ fún ẹni tó ń lo wákàtí 8 lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá di 88, wákàtí 4 ni. 91, wákàtí 2. 94, wákàtí kan. 97, ìṣẹ́jú 30. Tó bá fi di 100, ìṣẹ́jú 15 ti tó. Katakata tí kò nílé lórí, tó ń túlẹ̀ pẹ̀lú iná gidi, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sáré gan-an, máa ń wà láàárín 90 sí 100 létí ẹni tó ń wà á. Nǹkan bíi wákàtí kan ni 375 fi ń tú éékà kan. Ìyẹn ni pé awakọ̀ tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti jẹrà lè ti jẹ ìwọ̀n ariwo ọjọ́ rẹ̀ tán kó tó parí éékà àkọ́kọ́. Ní àsìkò òjò àkọ́rọ̀, láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́ sì ni wọ́n ń wà lórí ẹ̀.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìwọnwọ̀n lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà méjì. Tí ẹ bá dúró ní ìwọ̀n ìnàwọ́ kan sí ẹnìkan tí ẹ sì ní láti pariwo kó tó gbọ́ yín, ariwo tó wà níbẹ̀ ti ju 85 lọ. Ìkejì: láàárọ̀, kí ẹ tó lọ sóko, ẹ yí rédíò síbi tí ẹ ti ń gbọ́ ọ dáadáa, ẹ má yí i kúrò níbẹ̀. Tí ẹ bá dé lálẹ́ tí ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀ jù, kì í ṣe bátìrì ló kú. Etí tó rẹ̀ lè sinmi kó padà bọ̀ sípò di ọjọ́ kejì. Tí a bá ń dá a lágara lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní padà.

Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ra katakata àlòkù kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní kí n ra ohun ìdítí fún awakọ̀ kí n sì jẹ́ kó parí síbẹ̀. Mo rà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ohun ìdítí, àfi kí ènìyàn rántí rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀. Sàlẹ́ńsà tó dára ń ṣiṣẹ́ yálà ẹ rántí tàbí ẹ kò rántí. Ó sì ń ṣe ọmọ tó ń tẹ̀ lé awakọ̀ lóore, ó ń ṣe olóko tó dúró létí oko lóore, àti àwọn obìnrin tó ń gbin nǹkan lẹ́yìn katakata.

Sàlẹ́ńsà kì í ṣe páìpù lásán. Páìpù mìíràn wà nínú rẹ̀ tí wọ́n lu lójú, iyàrá kéékèèké sì wà láàárín tí ìró ń kọ lù, tí á máa padà, tí á máa pa ara rẹ̀. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń tú dànù nìyẹn. Agbára tí ẹ́ńjìnnì ń rí gbà padà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Tó bá jẹ́ pé sàlẹ́ńsà dí lóòótọ́, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Láti inú ló ti máa ń jẹrà, nítorí omi wà nínú èéfín dísẹ́ẹ̀lì, òjò náà sì ń gba òkè wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn àgbà awakọ̀ fi máa ń da agolo tòmátò borí páìpù tí wọ́n bá páàkì. Mo fẹ́ràn agolo yẹn. Òun nìkan ni ààbò sàlẹ́ńsà tí mo rí tí gbogbo ènìyàn fara mọ́ láìjiyàn.

Wẹ́dà kan ní ìlú wa ní òun lè ṣe tuntun. Mo ní kó fi han mí ohun tó máa fi sínú rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan tó yẹ kó wà nínú rẹ̀. A fi í sílẹ̀, a lọ ra èyí tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́ ní Gate ní Ìbàdàn, a sì ní kí wẹ́dà kan náà fi irin gígùn kún orí rẹ̀ kí ẹnu páìpù lè ga ju orí awakọ̀ lọ. Ìyẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni a rí i pé apá kan ariwo náà kò tilẹ̀ ti ẹnu páìpù wá. Níbi tí páìpù ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, ìlà èéfín dúdú sì ti fà sára irin. Tí ẹ bá rí dúdú bẹ́ẹ̀, ìró ń jáde níbẹ̀ kó tó dé sàlẹ́ńsà rárá. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò gbówó lórí. Bónẹ́ẹ̀tì tí ìkọ́ rẹ̀ ti sọnù náà ń gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀. Rọ́bà táyà àtijọ́ tí a gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló pa ìyẹn lẹ́nu mọ́. Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, tó ti ṣí jù ń kan kọ́-kọ́-kọ́, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó mọ̀wé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló gbà pé katakata kò ṣiṣẹ́ àfi tí a bá fa iná dópin. Tó bá ń fa tírélà lásán tàbí tó ń fọ́ ilẹ̀ tí a ti tú tẹ́lẹ̀, kó gbé jíà sókè, kó dín iná kù. Ariwo á dín, dísẹ́ẹ̀lì náà á dín, ìyẹn gan-an sì ni mo fi rí ẹ̀gbọ́n mi mú. Tí èéfín dúdú bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ẹrù ti pọ̀ jù fún jíà yẹn nìyẹn, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà. Iṣẹ́ tí PTO, ọ̀pá ẹ̀yìn katakata tó ń yí ohun èlò, ń ṣe yàtọ̀: ohun èlò tó fẹ́ kó yí nígbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, kò sí bí a ṣe lè ṣe é.

Ìborí oòrùn ni ìṣòro tí a kò tíì yanjú tán. Páànù tí wọ́n fi bo orí awakọ̀ ń gba oòrùn, ṣùgbọ́n ó ń dá ariwo padà sí i létí. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ irú ìyà yìí rí. Láti 1970 ni òfin wọn ti ní kí katakata tuntun máa ní ilé tó lágbára lórí, nítorí ó ń dojú dé pa àwọn awakọ̀. Ilé náà gba ẹ̀mí là, àmọ́ ariwo ń wọnú páànù náà, kò rọ́nà jáde. Ní 1976, òfin mìíràn tẹ̀ lé e pé ariwo létí awakọ̀ nínú ilé katakata tuntun kò gbọdọ̀ kọjá 90. Q-cab ni wọ́n ń pe irú ilé tuntun náà. Ní Coventry, ní ìlú wọn níbẹ̀, ni wọ́n ti wá ń ṣe 375 lẹ́yìn òfin yìí. Èyí tó dúró lọ́dọ̀ wọn wọ ilé. Èyí tó wọkọ̀ ojú omi wá bá wa, ìhòòhò ni púpọ̀ nínú wọn dé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe ní Pakistan lónìí. N kò ní pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí lórí èyí. Ta ló fẹ́ jókòó sínú ilé onígíláàsì ní Ṣakí ní oṣù kẹta láìsí ẹ̀rọ amúlétutù? Ohun tí a ṣe ni pé a fi rọ́bà sáàárín páànù àti òpó rẹ̀ kó má baà máa gbọ̀n, a sì lẹ kápẹ́ẹ̀tì nínípọn mọ́ abẹ́ rẹ̀, jìnnà sí páìpù gbígbóná. Ó dára díẹ̀.

Ó wá ku etí. Òwú kò dí ariwo dé ibi tí a lè gbára lé; kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀. Fóòmù kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àṣíborí àti bàtà àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́. Ọwọ́ mímọ́ ni kí ẹ fi yí i títí tí á fi tínrín, kí ẹ gba ẹ̀yìn orí fi ọwọ́ kejì fa etí sókè, kí ẹ tì í bọ inú, kí ẹ sì dì í mú títí tí á fi wú padà. Èyí tí orí rẹ̀ yọ síta bí ìṣó kò dí nǹkan kan. Iye dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pé ó ń dín kù, bíi 30, inú yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. NIOSH fúnra wọn ní kí a pín ti fóòmù sí méjì. Ìbotí onígo méjì tó ń bo gbogbo etí rọrùn láti wọ̀, àmọ́ fìlà tàbí apá awò ojú tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá á jẹ́ kí ariwo yọ́ wọlé, oòrùn wa sì ń mú kó gbóná lórí awakọ̀.

Awakọ̀ wa kọ ìbotí. Kò ní ooru ni, ó ní àwọn ènìyàn á kí òun láti ẹ̀gbẹ́ oko, òun kò sì ní gbọ́, wọ́n á ní òun ti ń gbéra ga nítorí katakata. Mo rántí owó obì Bàbá Kékeré, n kò sì lè bá a jiyàn. Fóòmù ló gbà nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹni tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ oko, yálà òun gbọ́ tàbí òun kò gbọ́, òun á na ọwọ́ sí i. Ó ti wá di àṣà rẹ̀. Nígbà mìíràn ó ń na ọwọ́ sí igi ẹ̀mí. Ọmọ tó máa ń jókòó sórí ìbòrí táyà lẹ́yìn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ pátápátá. Ewu ìṣubú nìkan tó láti lé e kúrò níbẹ̀, ká tó sọ ti etí ọmọdé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé báyìí ni ilé gàrí tó wà lẹ́yìn ọjà. Ẹ́ńjìnnì Lister kan ló ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, lábẹ́ páànù, láàárín ògiri mẹ́ta, àwọn ìyá sì ń dúró tì í láti àárọ̀. Àwọn fúnra wọn ló wá bá wa nígbà tí wọ́n gbọ́ pé katakata wa ti dákẹ́. Ní gbangba, ìlọ́po méjì jíjìnnà ń yọ bíi 6 kúrò nínú dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ìmọ̀ràn wa ni kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀yìn ògiri, kí bẹ́líìtì gba ihò wọlé, kí wọ́n sì bo bẹ́líìtì yẹn dáadáa kó má baà wọ́ aṣọ ẹnikẹ́ni. Ìyálọ́jà ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì ní wọ́n á jí i gbé lóru tó bá wà níta, ó sì fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ra irin tí wọ́n á fi há a mọ́. Orí iye irin ni wọ́n ṣì wà.